Ìdánwò Tí Mo Dì Lẹ́nu

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án òní, níbi tí mo jókòó sí yìí, lórí àga yìí kan náà. Moróunkẹ́, Láníyì, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí, láti ìgbà tí ẹ ti wọlé lẹ ti ń wo ògiri, ẹ sì fẹ́ bi mí pé ta ló yọ ìwé ìwọ̀n omi tó wà níbẹ̀ kúrò. Èmi ni mo yọ ọ́. Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rọ́ àlá náà fún yín, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, irọ́ ni màá pa, èyí tí mo sì ti pa lónìí ti tó mi.

Ẹ mọ Màámi ní Ìpabí, ẹ sì mọ ilé wọn tó kọjú sódò. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, rédíò pariwo pé omi ń bọ̀. Màámi wọ́ ìgbáròkó tó ń dùn wọ́n gun òkè lọ, wọ́n sùn sí yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Omi ò wá. Àwọn olè ló wá. Wọ́n gbé maṣíìnì ìránṣọ wọn lọ, èyí tí bàbá mi rà fún wọn nígbà tí wọ́n bí mi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní ẹsẹ̀ àwọn ò ní sá fún ariwo mọ́. Èmi ọ̀mọ̀wé wá dá sí i. Mo ní, "Màámi, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ má sá fún ariwo. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ máa sá fún, èmi ni màá sì máa fún yín. Bí omi odò bá ti lé ní mítà mẹ́ta, ẹ dìde. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́." Mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára òpó ẹnu ọ̀nà wọn, àmì àdéhùn wa. Láàárọ̀ yìí, báálẹ̀ ní kí gbogbo Ìpabí gòkè, gbogbo Ìpabí sì gòkè. Màámi nìkan ló kù. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò tíì pè.

Sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣírò bí omi odò á ṣe ga tó yìí, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tà á fún wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jọ ń kọ ọ́ káàkiri ayé, wọ́n á kó kóòdù rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kóówá á wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ sórí kọ̀ǹpútà Linux rẹ̀ bí ẹni ń kọ́lé. Bó bá kọ́ ọ tán, ìdánwò igba ó lé mẹ́rìnlá ló máa yẹ ilé náà wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé inú rẹ̀. Èyí tí a ní tẹ́lẹ̀ ń fà bí ìgbín, òjò sì ń rọ̀ lókè odò, ni mo bá kọ́ ọ tuntun. Mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó máa yára, kó má fi àyẹ̀wò fàkókò ṣòfò. Ìdánwò igba ó lé mẹ́tàlá yege. Ọ̀kan ṣoṣo fìdí rẹmi.

Mo wá àṣìṣe náà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, mi ò rí i. Màámi ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bá fi àmì kékeré kan síwájú orúkọ ìdánwò náà, àmì tí ẹ̀rọ bá ti rí báyìí, á fo ìlà ọ̀hún bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Láníyì, má wò mí bẹ́ẹ̀, ìwọ náà máa ń ṣe é. Gbogbo ojú ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé. Ìṣirò jáde: mítà kan ó lé díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo pe Màámi pé kí wọ́n máa sinmi. Mo mu gààrí. Oorun gbé mi lọ.

Àlá náà bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kọ̀ǹpútà yìí wúkọ́. Ó ní, "Ẹ káàsán o. Wọ́n ti kọ́lé yín tán, ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́." Mo ní mo dúpẹ́. Mo tẹ̀ ba, mo gba ojú rẹ̀ wọlé bí ẹni ń wọ ilé ìdáná ayé àtijọ́ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú. Inú ibẹ̀ tutù, ó sì ń rùn bí ilẹ̀ tí odò ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀.

Bíríkìlà kan wà lórí àkàbà. Nọ́ńbà ló fi ń mọ ògiri. Á gbé eéje lé ẹẹ́rin, á ti òdo sáàárín wọn, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé. Ilé náà ga tí mi ò rí òrùlé rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ògiri, ó mì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bíríkìlà. Sìmẹ́ńtì ńkọ́?"

"Ẹ ní kí n yára."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tẹ́ ẹ ní kó yára, òun lẹ tún ń bi ní sìmẹ́ńtì? Sìmẹ́ńtì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Mo yọ ọ́ kúrò." Ó fi bírò tó wà létí rẹ̀ họ orí. "Òpó méjì tó wà nísàlẹ̀ náà jọra jù, mi ò mọ èyí tó gbélé dúró. Mo yọ ọ̀kan."

Mo rò ó wò, mo rí i pé ọlọ́gbọ́n èèyàn ni. Mo kí i pé ó mọṣẹ́.

"Ohun kan ló kù," ó wí. "Ilẹ̀kùn ò lè dúró láìsí híńjì. Híńjì ò lè dúró láìsí ìṣó. Ìṣó tó bá a mu, òòlù ẹ̀dà kẹta nìkan ló lè kàn án, ẹ̀dà keje ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ bá wọn ní Ọ́fíìsì Ohun Tó Kù."

Mo bi í pé níbo ni ọ́fíìsì náà wà, ó ní orí omi. Bó ṣe sọ ọ́ tán, orí omi ni mo wà. Odò náà fẹ̀ tí mi ò rí èbúté. Ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì ronú pé sìmẹ́ńtì tí Bíríkìlà yọ kúrò ni wọ́n dà síbẹ̀, inú mi sì dùn pé kò ṣòfò. Àwọn ọkùnrin kan ń wakọ̀ ojú omi kọjá, ẹnì kan nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo juwọ́ sí àkọ́kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé mi ń mì."

"Tèmi ò mì!" ó wí, ó wakọ̀ lọ.

Mo juwọ́ sí ìkejì. Òun náà ní tòun ò mì. Ọkọ̀ bí ogún ló kọjá, gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni ń kíni kú ọdún. Ẹni tó kẹ́yìn nìkan ló dúró. Ó ní, "Ìbéèrè yín yìí, ẹnì kan ti bi wá lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. A ti ti ìbéèrè náà pa." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkùnrin náà ṣì jókòó níbẹ̀ lójú omi, ewédò ti hù sí èjìká rẹ̀, ó ń retí èsì. Mo kí i. Ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i?" Mo ní rárá. Ó ní kò burú, òun á dúró díẹ̀ sí i. Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ fún un, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó fi ṣe.

Ọ́fíìsì náà wá léfòó kọjá lọ́dọ̀ mi. Kì í ṣe ọkọ̀ o. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, páànù wà lórí rẹ̀, igi máńgòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kàn ń léfòó ni. Mo fò wọ̀ ọ́. Akọ̀wé kan jókòó nínú rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó de táì, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀dà wo ni yín?"

"Àlàó ni mí, sà."

"Mi ò bi yín lórúkọ. Ẹ̀dà wo?"

"Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì."

"Ẹ ti tuntun jù. Òòlù tẹ́ ẹ wá gbà, ẹni ọdún méjìdínlógójì ló lè gbé e. Ẹ lọ di ẹni ọdún méjìdínlógójì wá."

Mi ò bá a jiyàn. Mo bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo bọ́ ọdún mẹ́ta kúrò lára bí ẹni bọ́ bùbá, mo fi kọ́ ìṣó, mo padà wá. Ẹni ọdún méjìdínlógójì tí mo dà yìí ò tíì fa ìlà pupa sára òpó ẹnikẹ́ni. Ìró maṣíìnì ìránṣọ ń dún nínú àyà rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń dún láti pálọ̀ nígbà tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìbànújẹ́ bò mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Akọ̀wé ní kí n dákẹ́ ariwo.

Ó fún mi ní ìwé pé kí n buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú. Ó gba ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti etí bọ̀ sí àárín. Bó ṣe ń jẹ ẹ́, irùngbọ̀n hù sí i lágbọ̀n, ìwo méjì yọ láàárín irun tó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ di pátákò lábẹ́ tábìlì. Ó di òbúkọ, táì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo yára dọ̀bálẹ̀, torí ó hàn gbangba pé wọ́n ti gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ kú oríire, sà."

"Ẹ ṣeun," òbúkọ wí. "Ẹ wọlé, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀."

Àga igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà nínú yàrá ìpàdé. Mo kà wọ́n, kò rẹ̀ mí. Àwọn ọ̀gá tó jókòó sórí wọn ti di ewúrẹ́, kálukú pẹ̀lú káàdì ilé iṣẹ́ lọ́rùn. Òbúkọ wa ni alága. Ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ṣé ilé dúró?" Ewúrẹ́ kìíní ní, "Ó dúró." Èkejì ní, "Ó dúró." Ilé ọ̀hún ń mì lórí wa, eruku nọ́ńbà ń já bọ́ sórí ìwo wọn, wọ́n ń gbọn orí, wọ́n ń wí pé ó dúró. Igba ó lé mẹ́tàlá ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan àga tó gbẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

"Ta ló ni àga yìí?" òbúkọ béèrè.

Àga náà ló fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. "Ẹ bi Àlàó."

Gbogbo wọn yíjú sí mi, ojú irinwó ó lé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ní bí wọ́n ṣe ṣe àga náà nìyẹn, pé ṣíṣófo ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi pátákò pàtẹ́wọ́. Láníyì, o lè rẹ́rìn-ín, èmi náà rí i pé ó pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àga yẹn ò pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn jáde. Mo tẹ̀ lé e, torí kò dáa kéèyàn jẹ́ kí àga dá nìkan rìn lójú omi.

Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ló mú mi lọ. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí òkúta níbẹ̀, ó rù kan eegun, omi dé orúnkún rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi dì í lẹ́nu. Mo wo aṣọ náà dáadáa. Áńkáṣíìfù mi ni, èyí aláwọ̀ búlúù tí Màámi ṣẹ́ létí fún mi kí maṣíìnì wọn tó lọ. Mo mọ bàbá náà lójú ẹsẹ̀. Òun ni ìdánwò tó fìdí rẹmi.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

Ó mi orí.

"Ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe pé mo kórìíra yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá iṣẹ́ dúró."

Ó tún mi orí. Omi gùn dé itan rẹ̀. Ó na ìka, ó ń kọ̀wé sójú omi, omi sì ń pa á rẹ́ bó ṣe ń kọ ọ́. Mo rí i pé gbólóhùn kan náà ló ń kọ léraléra, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lójú omi tó kí n lè kà á tán. Mo lè tú aṣọ náà. Ìdì rẹ̀ ò le, èmi ni mo dì í, mo mọ bí mo ṣe dì í. Kò sí ẹni tó dì mí lọ́wọ́ mú. Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ti òní ná, Bàbá. Tó bá dọ̀la, màá wá tú u." Omijé kan bọ́ lójú rẹ̀ sínú odò. Odò náà ga sí i níwọ̀n ìka kan.

Bí mo ṣe yí padà, yàrá Màámi ni mo wà. Omi kan náà ni, ó kàn wọlé ni. Màámi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, maṣíìnì tí wọ́n jí wà níwájú wọn, wọ́n ń ránṣọ. Inú mi dùn pé maṣíìnì ti padà wá. Omi dé àyà wọn. Ẹja ń gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n ń kí Màámi, Màámi sì ń béèrè ilé wọn.

"Àlàó, ṣé ó ti tó kí n dìde?"

Mo yọ ìwé kúrò lápò. Ó gbẹ. "Kò tíì tó, Màámi. Mítà kan ó lé díẹ̀ ni."

"Ó dáa." Wọ́n ń ránṣọ wọn lọ.

Omi dé ọrùn wọn. Ìlà pupa tí mo fà sára òpó ti wà nísàlẹ̀ omi, mò ń rí i tó ń mì lọ́hùn-ún.

"Àlàó ọmọ mi, omi yìí tutù o."

"Mo mọ̀, Màámi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ sí i. Igba ó lé mẹ́tàlá ló fọwọ́ sí i."

"Bó o bá ti wí bẹ́ẹ̀, kò sọ́rọ̀ mọ́. Ìwọ lo kàwé."

Omi dé àgbọ̀n wọn. Wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ kí wọ́n lè máa ránṣọ. Èmi dúró níbẹ̀, omi ò kàn mí, mò ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà mi kó lè hàn dáadáa. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú àlá yìí nìyẹn. Ẹ̀rù ò bà mí. Kò sí ohun tó burú lójú mi. Nọ́ńbà ni mò ń wò, mi ò wo ìyá mi.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn tí kò ní híńjì, ilẹ̀kùn ṣubú, ó wọlé. Ó ga, aṣọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ẹ káàbọ̀, sà," mo wí. "Nọ́ńbà wo ni yín?"

"Èmi kì í ṣe nọ́ńbà."

"Níbo lẹ ti wá?"

"Inú ilé rẹ. Wọ́n pín òdo sí ọ̀nà òdo lábẹ́ òpó tí wọ́n yọ, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá arúgbó ẹ̀yìn ọ́fíìsì rí mi, ó fẹ́ ké."

Ó bọ aago ara ògiri lọ́wọ́. Ojú aago parẹ́, ó ní, "Èmi náà kì í ṣe nọ́ńbà." Ẹja kan fi lẹ́bẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Òbúkọ yọjú lójú fèrèsé láti wá kí àlejò, ó na pátákò, táì nìkan ló kù nínú rẹ̀. Mo wo ìwé ọwọ́ mi, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́ àfi ìlà tí mo fà. Àlejò náà wá na ọwọ́ sí Màámi. Ẹ mọ Màámi, wọn kì í kọ ọwọ́ àlejò. Wọ́n dá maṣíìnì dúró, wọ́n ti ń nu ọwọ́ sí ìró láti nà án sí i.

"Màámi, ẹ dìde!" Ohun tí mo fẹ́ ké nìyẹn. Ẹnu mi ò là. Mo fọwọ́ kàn án, aṣọ ni mo bá níbẹ̀. Áńkáṣíìfù búlúù ni wọ́n fi dì mí lẹ́nu, ìdì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn orí níbi tí ọwọ́ mi ò dé. Mo wá mọ ohun tí bàbá yẹn ń kọ sójú omi láti àárọ̀. Ó ń kọ ọ́ pé, "Ní kí ó dìde."

Mo jí.

Áńkáṣíìfù mi wà lẹ́nu mi. Mo ti fi bojú nítorí eṣinṣin kí n tó sùn, ó yọ̀ sísàlẹ̀, mo ti ń mí in sẹ́nu látìgbà yẹn, ó tutù rinrin. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Òjò ò dá. Lójú ẹ̀rọ, àwọ̀ ewé náà ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀: igba ó lé mẹ́tàlá yege, a fo ọ̀kan.

Mo yọ àmì tí mo fi síwájú ìlà yẹn. Mo tún ilé náà kọ́, mi ò ní kó yára mọ́. Ìdánwò tó gbẹ̀yìn ké bó ṣe ké láàárọ̀. Mo tún omi Ìpabí ṣírò. Láti aago mẹ́rin òní títí di ọ̀sán ọ̀la, lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ̀rọ máa ń kọ bí ìṣirò kan ò bá lésì ló kọ: kì í ṣe nọ́ńbà, kì í ṣe nọ́ńbà, kì í ṣe nọ́ńbà. Mítà kan ó lé díẹ̀ tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn, kò ti ibì kankan wá. Ìyára tí mo pàṣẹ ló bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ tó fi dà bí òótọ́. Ìyá mi ní kí n kin òun lẹ́yìn, mo fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Mo pè wọ́n.

"Màámi, ẹ dìde."

"Àlàó? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ na ẹ̀yìn ni o. Ìwọ lo ní kí n sinmi."

"Mo ṣì í sọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ máa lọ bá àwọn yòókù lókè."

"Mítà mélòó ni?"

Mo wo ojú ẹ̀rọ. "Mi ò mọ̀, Màámi."

"O ò mọ̀ kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ariwo nìyẹn? Àlàó, àdéhùn wa kọ́ nìyẹn o. Ìwọ lo kọ́ mi. O ní ohun tí kò bá ní nọ́ńbà, kí n má sá fún un, mo sì gbọ́ tìẹ. Báálẹ̀ fúnra rẹ̀ wá síbí láàárọ̀, mi ò dá a lóhùn. Tí nọ́ńbà bá dé, pè mí."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbọ́ òjò lórí páànù wọn. Ó pa rọ́rọ́ lẹ́yìn òjò yẹn, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni ní gbogbo àdúgbò.

"Mítà mẹ́rin ààbọ̀," mo wí.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ìdánwò igba ó lé mẹ́rìnlá ló fọwọ́ sí i, Màámi. Gbogbo wọn pátá."

"Háà. Ó dáa. Mò ń dìde."

Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀dì tó dún. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe kérora nítorí ìgbáròkó yẹn, mo gbọ́ tí wọ́n ń wá bàtà. Kí wọ́n tó pa fóònù, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọpọlọ rẹ." Mi ò lè ṣe àmín.

Bí wọ́n bá dókè tí omi ò wá, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn, wọn ò ní gba èmi náà gbọ́ mọ́ láéláé. Bó bá sì wá, wọ́n á máa sọ ọ́ káàkiri pé nọ́ńbà ọmọ àwọn kì í tàsé, wọ́n á sì máa jókòó ti nọ́ńbà mi títí wọn á fi kú. Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Mo dìde, mo yọ ìwé yẹn lára ògiri. Ìgbà tí mo fà á ya tán lẹ wọlé.

Àlá mi nìyẹn. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń pín òdo sí ọ̀nà òdo. Láníyì, gba apá òkè kóòdù náà, Moróunkẹ́, gba ìsàlẹ̀, ẹ má sì yára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó lé áńkáṣíìfù mi tó wà lórí àga yẹn. Mo sá a síbẹ̀ kó gbẹ ni. Kò tíì gbẹ.